Òkúta Tó Lẹ́jẹ̀ Nínú

Awakọ̀ ojú omi ló sọ fún mi
pé ní erékùṣù Ṣiloé, wọ́n ń jẹ òkúta.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti jẹ ìdin rí,
tí mo ti jẹ wàràkàṣì tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́dẹ,
kí ni òkúta fẹ́ fi ẹnu mi ṣe?

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo gúnlẹ̀.
Òjò ibẹ̀ kì í dá; ńṣe ló ń rọ̀
bí ẹni tó ń rojọ́ tí kò rẹ́ni dá a lóhùn.
Àwọn ilé dúró lórí òpó nínú omi
bí obìnrin tó ká aṣọ sókè, tó fẹ́ sọdá odò.

Ìyá Edelmira Chiguay ni wọ́n júwe fún mi,
ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì onígi,
níbi tí ajá arọ kan ń sùn lẹ́nu ọ̀nà.
Ó wo bàtà mi kó tó wo ojú mi.
"O pẹ́ kí o tó dé. Wọ́n ti ti òkun pa láti oṣù kejì.
Omi pupa wọlé, ohun tó wà nínú ìkarahun di májèlé."
Lóòótọ́ ni. Mo ti rí pátákó ìjọba létí omi,
mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní kí n jókòó.
Ó wá ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú:
píure ló ń jẹ́. O ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àpáta.
Ayùn la fi ń là á, ayùn agégi.
Bó bá ti là, wàá rí wọn nínú ihò,
pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
wọ́n á máa tutọ́ sí ọ lára.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi.
"Gbé ìyẹn jù sílẹ̀. Ìwé kì í jẹun."

Ó gorí àpótí.
Lókè ààrò, níbi tí èéfín ti pa àjà láró,
okùn kan ṣoṣo ló kù,
ẹyọ mọ́kànlá, gbígbẹ, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ọkọ rẹ̀ ló kó wọn, kí àyà tó máa dùn ún.
Ó já mẹ́fà. Ó dúró díẹ̀.
Ó já ìkeje.

Ó yẹ kí n sọ pé rárá.
Ṣùgbọ́n ìròyìn ni mo wá jẹ níbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ,
ìròyìn kì í sì í yó ni.

Ó sè é mọ́ ìrẹsì àti àlùbọ́sà,
ó bu ọ̀dùnkún aláwọ̀ àlùkò tì í.
Mo fi sẹ́nu.
Ẹ̀yin ará ilé mi, báwo ni n ó ṣe wí i?
Bí ẹni lá ìdákọ̀ró.
Bí oògùn tí wọ́n ń dà sójú egbò, tí ẹnìkan wá fi bọ́tà sí.
Ó korò, ó korò,
ìgbà tí mo sọ̀rètí nù ló tó dùn.

Ersira, ọmọ ọmọ rẹ̀, di imú mú.
"Ó ń rùn." Ó ń jẹ bisikíìtì tirẹ̀.
Ìyá àgbà ò bá a wí.
"Ebi kọ́ ni yóò kọ́ ọ jẹ," ló wí fún mi. "Àárò ni."

Ọmọ náà yíjú sí mi:
kí ni ẹ̀yin ń jẹ nílé yín tó ń rùn?
Mo sọ fún un nípa irú,
bí a ti ń sè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí a ń tẹ̀ ẹ́ bó,
tí a ń fi ewé bò ó nínú ooru
títí yóò fi máa yọ̀, tí yóò máa fà,
tí aládùúgbò kẹta yóò fi mọ̀ pé ọbẹ̀ wà lórí iná.
Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.
"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"
Ìyá Edelmira rẹ́rìn-ín, títí ó fi di ògiri mú.

Ní ìdájí, mo wo òkè ààrò kí n tó jáde.
Ojú ewé ọjọ́ yẹn ṣófo nínú ìwé mi
àfi ìlà kan:
mẹ́rin ló kù.